Òógùn Dókítà Ti Gbẹ, Owó Iṣẹ́ Rẹ̀ Kò Tíì Dé

Ní orúkọ Ọlọ́hun, Ọba Àjọkẹ́-ayé, Ọba Àṣàkẹ́-ọ̀run. Ọpẹ́ ni fún Ọlọ́hun tí kò sọ àrùn kan kalẹ̀ láìsọ ìwòsàn rẹ̀ kalẹ̀. Kí ìkẹ́ àti ọlà Rẹ̀ máa bá Ànábì Muhammad, àwọn ará ilé rẹ̀, àti gbogbo ẹni tí ó tọ ipasẹ̀ rẹ̀ títí di Ọjọ́ Ìdájọ́.

Ẹni tí ó bá gba ọ̀nà Adó-Èkìtì lọ sí Iléṣà yóò kọjá ní Arámọ̀kọ kí ó tó gun òkè lọ sí ìhà Ẹ̀fọ̀n-Aláayè. Ìjèrò wà ní apá àríwá. Ìkógòsì, níbi tí omi gbígbóná àti omi tútù ti ń ṣàn pàdé ara wọn, wà ní apá gúúsù. Ilẹ̀ àgbẹ̀ ni ilẹ̀ yìí, ilẹ̀ kòkó àti iṣu, ilẹ̀ olùkọ́ àti òṣìṣẹ́ ìjọba. Bí àìsàn ńlá bá dé, ilé ìwòsàn ńlá ti ìjọba àpapọ̀ ní Ìdó-Èkìtì, tàbí ti ìpínlẹ̀ ní Adó, ni ojú gbogbo ènìyàn máa ń lọ. Ṣùgbọ́n àìsàn òru kì í dúró de ọkọ̀ àárọ̀. Ẹni tí ara ọmọ rẹ̀ gbóná janjan ní agogo méjì òru, ẹni tí ìyàwó rẹ̀ ń rọbí, ilé ìwòsàn aládàáni kékeré tí ó wà nítòsí ni yóò kọ́kọ́ lọ kan ilẹ̀kùn rẹ̀.

Nípa irú ilé ìwòsàn bẹ́ẹ̀ ni ọ̀rọ̀ yìí. Dókítà kan ni ó ń dá a ṣe, pẹ̀lú nọ́ọ̀sì díẹ̀, ibùsùn tí kò ju mẹ́wàá lọ, jẹnẹrétọ̀ kan àti yàrá oògùn kan. Dókítà yìí náà ni ọ̀gá, òun ni akápò, òun náà ni akọ̀wé bí akọ̀wé kò bá wá. Bí irú ilé ìwòsàn bẹ́ẹ̀ bá ti ilẹ̀kùn, kì í ṣe nítorí pé àìsàn ti tán nílùú. Ọ̀kan pàtàkì nínú ohun tí ń pa á ni pé owó iṣẹ́ tí ó ti ṣe tán a máa pẹ́ kí ó tó dé, ìwé tí ó sì yẹ kí ó mú owó náà wá a di ògiri láàárín òun àti ẹ̀tọ́ rẹ̀.

Ó yẹ kí Mùsùlùmí ronú sí èyí. Ẹ̀sìn pàṣẹ kí a kọ àdéhùn sílẹ̀ kí ẹ̀tọ́ ẹnikẹ́ni má baà sọnù. Nígbà tí ìwé bá wá di ohun tí a fi ń tẹ ẹ̀tọ́ mọ́lẹ̀, a ti jẹ amánà. Àwùjọ Mùsùlùmí kò sì gbọdọ̀ jókòó kí ó máa kùn lásán. Ó ní ipa tirẹ̀ láti kó nínú àtúnṣe.

Bí Ètò Náà Ṣe Bẹ̀rẹ̀

Ọ̀rọ̀ adójútòfò ìlera kì í ṣe ọ̀rọ̀ àná ní Nàìjíríà. Ní 1962, nígbà tí Dókítà Moses Majekodunmi jẹ́ mínísítà ètò ìlera, a ti gbé àbá rẹ̀ kalẹ̀, ṣùgbọ́n kò fẹsẹ̀ múlẹ̀. Ó di 1999 kí ìjọba ológun tó gbé òfin rẹ̀ jáde, ó sì di June 2005 kí Ààrẹ Olúṣẹ́gun Ọbásanjọ́ tó ṣí i ní gbangba. NHIS ni gbogbo ènìyàn mọ̀ ọ́n sí nígbà náà. Ní May 2022, Ààrẹ Muhammadu Buhari fọwọ́ sí òfin tuntun tí ó sọ ọ́ di NHIA, tí ó sì sọ adójútòfò ìlera di dandan fún gbogbo olùgbé Nàìjíríà. Àwọn ìpínlẹ̀ náà ti dá ètò tiwọn sílẹ̀. Èkìtì wà lára wọn.

Èrò tí ó wà nídìí ètò náà dára. Ìlànà tí a fi lélẹ̀ fún òṣìṣẹ́ ìjọba àpapọ̀ ni pé kí òṣìṣẹ́ san ìdá 5 nínú 100 owó oṣù ìpìlẹ̀ rẹ̀, kí agbanisíṣẹ́ san ìdá 10. Owó yìí ni a óò fi tọ́jú òun, ọkọ tàbí ìyàwó rẹ̀, àti ọmọ mẹ́rin tí wọn kò tíì pé ọdún 18. Bí ó bá gba oògùn, ìdá 10 nínú 100 iye rẹ̀ ni yóò san lápò ara rẹ̀. Yorùbá mọ irú èyí tipẹ́. Bí a bá dá àjọ, bí a bá ṣe àáró, ohun tí a ń sọ ni pé ẹrù tí yóò ṣẹ́ ènìyàn kan lọ́rùn yóò fúyẹ́ bí ènìyàn púpọ̀ bá gbé e.

Síbẹ̀, ìwádìí ìlera àwọn ará ìlú tí a ṣe jákèjádò Nàìjíríà ní 2018 fi hàn pé nínú 100 obìnrin tí ọjọ́ orí wọn wà láàárín ọdún 15 sí 49, 97 ni kò ní adójútòfò ìlera kankan. Bákan náà ni ti àwọn ọkùnrin. Òfin ti sọ ọ́ di dandan láti 2022, ṣùgbọ́n dandan inú ìwé kì í di dandan ojú ọ̀nà títí ẹni tí ń ṣe iṣẹ́ náà yóò fi rí owó iṣẹ́ rẹ̀ gbà.

Bí Owó Ṣe Ń Rìn

Owó kì í ti ọwọ́ òṣìṣẹ́ bọ́ sọ́wọ́ dókítà tààrà. Àwọn ilé-iṣẹ́ alágbàtà wà láàárín, àwọn tí gbogbo ènìyàn ń pè ní HMO. Ọ̀nà méjì ni wọ́n ń gbà san owó. Ọ̀nà kìíní ni owó oṣooṣù lórí ẹnì kọ̀ọ̀kan tí orúkọ rẹ̀ wà lọ́dọ̀ ilé ìwòsàn, yálà ẹni náà ṣàìsàn tàbí kò ṣàìsàn. Owó yìí wà fún ìtọ́jú ìpìlẹ̀: ibà, ikọ́, ọgbẹ́ kékeré, àyẹ̀wò ojoojúmọ́. Ọ̀nà kejì wà fún ìtọ́jú tí ó ga ju bẹ́ẹ̀ lọ, bí iṣẹ́ abẹ. Fún ìyẹn, ilé ìwòsàn gbọ́dọ̀ gba àṣẹ tí a ń pè ní kóòdù lọ́wọ́ HMO, kí ó ṣe iṣẹ́ náà, kí ó kọ gbogbo rẹ̀ sínú fọ́ọ̀mù, kí ó fi ránṣẹ́, kí ó sì máa retí.

Inú ìretí yìí ni ìṣòro wà. Ẹ fi ọkàn wo òru ọjọ́ kan. Wọ́n gbé ìyàwó òṣìṣẹ́ ìjọba àpapọ̀ kan dé láti abúlé kan lẹ́yìn Arámọ̀kọ. Ó ti ń rọbí láti àárọ̀, ọmọ kò sì sọ̀. Dókítà yẹ̀ ẹ́ wò, ó sì rí i pé iṣẹ́ abẹ ni yóò gba ìyá àti ọmọ là. Ọkọ fa káàdì adójútòfò yọ. Dókítà kò gbọdọ̀ ti ẹni tí ẹ̀mí rẹ̀ wà nínú ewu padà. Òfin Ìlera Orílẹ̀-èdè ti 2014 sọ bẹ́ẹ̀ kedere, ẹ̀rí-ọkàn onígbàgbọ́ sì ti sọ ọ́ kí òfin tó sọ ọ́. Ó wọ yàrá iṣẹ́ abẹ. Akọ̀wé rẹ̀ gbé fóònù, ó ń pe HMO fún kóòdù. Nẹ́tíwọ̀kì lọ, nẹ́tíwọ̀kì bọ̀, nítorí òkè yí ilẹ̀ náà ká. Nígbà tí ó wọlé, wọ́n ní kí ó dúró. Ilẹ̀ mọ́. Ìyá yè, ọmọ yè, alhamdulillahi. Ṣùgbọ́n iṣẹ́ ìwé ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ni.

Wọ́n béèrè pé èé ṣe tí kóòdù fi dé lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ. Ó ṣàlàyé. Fọ́ọ̀mù padà wá, nítorí pé ‘Sherifat’ ni ó wà lórí káàdì, ‘Sharifat’ ni nọ́ọ̀sì sì kọ. Ó tún un kọ. Fọ́ọ̀mù tún padà wá, wọ́n ní ọjọ́ tí aláìsàn kúrò nílé ìwòsàn kò hàn dáadáa. Ó tún un ṣe. Oṣù kan kọjá, oṣù kejì kọjá. Nígbà tí owó dé, wọ́n ti gé lára rẹ̀, kò sì sí àlàyé tí ó tẹ́rùn lórí ohun tí wọ́n gé. Láàárín àkókò náà, nọ́ọ̀sì ti gba owó oṣù, ẹni tí ń ta oògùn ti gba owó rẹ̀, jẹnẹrétọ̀ ti mu epo. Èwo nínú wọn ni ó gbà láti dúró de HMO?

Irú òru bẹ́ẹ̀ kì í ṣe ti ilé ìwòsàn kan ṣoṣo. Bí a bá pe àwọn dókítà aládàáni jọ níbikíbi ní ilẹ̀ Yorùbá, ìtàn tí wọn yóò sọ kò ní jìnnà sí èyí. Ilé ìwòsàn ńlá nílùú Èkó a máa ní akọ̀wé mẹ́rin tàbí márùn-ún tí iṣẹ́ wọn kò ju fọ́ọ̀mù HMO lọ. Dókítà kékeré ní Ìjèrò tàbí ní Ẹ̀fọ̀n ń fi oorun ojú rẹ̀ kọ ọ́.

Ìṣirò Tí Kò Bára Dé

Ẹ jẹ́ kí a ṣírò ọ̀nà kìíní náà. Fún ọdún tí ó lé ní mẹ́wàá, ₦750 ni owó oṣooṣù lórí ẹnì kọ̀ọ̀kan lábẹ́ ètò ìjọba àpapọ̀. Bí ilé ìwòsàn kan bá ní ènìyàn 200 nínú ìwé rẹ̀, ₦150,000 ni yóò gbà lóṣù. Láti 2024 ni owó oṣù tí ó kéré jù lọ ní Nàìjíríà ti di ₦70,000. Bí dókítà bá san iye yìí fún òṣìṣẹ́ méjì péré, ₦140,000 ti lọ. ₦10,000 ni ó kù fún oògùn, iná, omi, àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ àti oúnjẹ ọmọ rẹ̀. Ní àkókò kan náà, náírà já lulẹ̀ láti June 2023, oògùn tí ń ti òkè òkun wá sì di ọ̀wọ́n. Ilé-iṣẹ́ GSK, tí ó ti pẹ́ tí ó ń ta oògùn ní Nàìjíríà, kéde ní August 2023 pé òun ń kógbá wọlé.

Ní 2025, NHIA sọ ₦750 náà di ₦1,450, ó sì fi kún owó tí a ń san lórí iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan. Ó tún pàṣẹ pé HMO kò gbọdọ̀ fi kóòdù falẹ̀ ju wákàtí kan lọ. Ó yẹ kí a yin ẹni tí ó ṣe rere. Ènìyàn 200 náà yóò mú ₦290,000 wá nísinsìnyí. Ó sàn ju ti àtẹ̀yìnwá lọ. Ṣùgbọ́n àṣẹ wákàtí kan kò wúlò fún dókítà tí kò rí ẹnikẹ́ni gbé fóònù, bẹ́ẹ̀ ni àlékún owó kò wúlò fún ẹni tí owó náà kò tètè dé ọwọ́ rẹ̀.

Ohun kan tún wà tí àwọn aláṣẹ kì í sábà wò. Ọgbọ́n adójútòfò ni pé ènìyàn púpọ̀ tí ara wọn le yóò gbé ìwọ̀nba tí ó ṣàìsàn. Ilé ìwòsàn tí ó ní ẹgbẹ̀rún márùn-ún ènìyàn lè fara da ọdún burúkú. Èyí tí ó ní 200 kò lè ṣe bẹ́ẹ̀. Bí ìdílé márùn-ún nínú wọn bá ní ẹni tí ó ní ẹ̀jẹ̀ ríru tàbí àtọ̀gbẹ, owó oṣù náà yóò tán lórí wọn kí oṣù tó dé ìdajì. Ewu tí ó yẹ kí adójútòfò gbé ni a ti gbé lé ọrùn dókítà kékeré. Ohun tí ó lè ṣe kò ju méjì lọ: kí ó máa ná owó ara rẹ̀, tàbí kí ó máa fi ọgbọ́n lé aláìsàn sẹ́yìn. Èyí àkọ́kọ́ yóò ti ilé ìwòsàn pa. Èkejì yóò ba amánà rẹ̀ jẹ́.

Kí Ni Ẹ̀sìn Wí?

Àwọn ará kan yóò béèrè pé, ṣé adójútòfò tilẹ̀ tọ́ fún Mùsùlùmí? Ìbéèrè gidi ni, kò sì yẹ kí a fi ọwọ́ rọ́ ọ sẹ́yìn. Àwọn onímọ̀ fíkíhù láti orílẹ̀-èdè Mùsùlùmí káàkiri ayé pàdé ní Jeddah ní December 1985 lórí rẹ̀. Ìpinnu wọn ni pé adójútòfò oníṣòwò, èyí tí ilé-iṣẹ́ ń gba owó pàtó fún èrè tirẹ̀, ní ìtànjẹ nínú, kò sì tọ́. Ṣùgbọ́n wọ́n fara mọ́ èyí tí a gbé ka ìfowósowọ́pọ̀ àti ìtọrẹ, tí àwọn ènìyàn ń da owó jọ láti fi ran ara wọn lọ́wọ́. Bí ètò ìlera tí òfin sọ di dandan ṣe bá ìlànà yìí mu tó, kí olúkúlùkù bi alfa rẹ̀ tí ó ní ìmọ̀. Ohun tí kò ní àríyànjiyàn ni pé ìfowósowọ́pọ̀ fúnra rẹ̀ jẹ́ sunnah. Ànábì (kí ìkẹ́ àti ọlà Ọlọ́hun máa bá a) yin àwọn Ash‘ariyyūn nítorí pé nígbà tí oúnjẹ bá fẹ́ tán láàárín wọn, wọn a kó gbogbo èyí tí ó kù jọ sórí aṣọ kan, wọn a sì pín in dọ́gba. Ó ní ara òun ni wọ́n, òun náà sì jẹ́ ara wọn. Bukhari àti Muslim ni ó gbà á wá.

Ẹ wá wo ọ̀rọ̀ ìwé. Āyà tí ó gùn jù lọ nínú Alùkùránì, ìyẹn āyà 282 nínú Sūratul-Baqarah, kò sọ̀rọ̀ lórí ìrun tàbí ààwẹ̀. Orí gbèsè ni ó ti sọ̀rọ̀. Ó pàṣẹ kí a kọ gbèsè sílẹ̀, kí akọ̀wé kọ ọ́ pẹ̀lú déédéé, kí ẹlẹ́rìí wà, kí a má ṣe káàárẹ̀ láti kọ ọ́, ìbáà kéré ìbáà pọ̀. Ó sì kìlọ̀ kí a má ṣe ni akọ̀wé tàbí ẹlẹ́rìí lára. Nítorí náà, ìwé kì í ṣe ọ̀tá. Dókítà tí ó ń sọ pé kí a jó gbogbo fọ́ọ̀mù nínú iná kò sọ òtítọ́ tán. Ṣùgbọ́n ẹ kíyè sí ìdí tí Ọlọ́hun fi ní kí a kọ ọ́: kí ẹ̀tọ́ lè dé ọ̀dọ̀ ẹni tí ó ni ín. Fọ́ọ̀mù tí a dá padà ní ẹ̀ẹ̀mẹ́ta nítorí lẹ́tà kan nínú orúkọ ti yí ìdí náà padà. Ó ti di ìwé tí a kọ kí ẹ̀tọ́ má baà dé.

Ìdájọ́ lórí gbèsè tí a fi falẹ̀ náà kò farasin. Ànábì wa kọ́ wa pé bí ẹni tí ó ní owó lọ́wọ́ bá ń fa sísan gbèsè sẹ́yìn, àbòsí ni. Ó sì kọ́ wa pé kí a fún alágbàṣe ní owó iṣẹ́ rẹ̀ kí òógùn ara rẹ̀ tó gbẹ. Òógùn dókítà tí ó ṣe iṣẹ́ abẹ lóru ti gbẹ tipẹ́ kí owó tó dé. HMO tí ó ti gba owó lọ́wọ́ ìjọba, tí ó fi pamọ́ sí báńkì fún oṣù mélòó kan, tí èlé sì ń gun orí rẹ̀, kò lè sọ pé ìwé ni ó dá òun dúró. Àwọn tí Sūratul-Mutaffifīn kìlọ̀ fún ni àwọn tí ń gba òṣùwọ̀n kíkún fún ara wọn tí wọ́n sì ń wọn àbùkù fún ẹlòmíràn. Kò sọ pé orí ìwọ̀n àgbàdo nìkan ni ó wà.

Ẹ̀bi Kò Sí Ní Apá Kan

Síbẹ̀, ẹ̀sìn déédéé ni ẹ̀sìn wa, kò sì ní jẹ́ kí a dá ẹjọ́ ẹnì kan ṣoṣo. Àwọn HMO ní àwíjàre tiwọn. Àwọn ilé ìwòsàn kan wà tí ń kọ iṣẹ́ tí wọn kò ṣe sínú fọ́ọ̀mù, tí ń fún aláìsàn ní oògùn olówó pọ́ọ́kú tí wọ́n sì kọ olówó ńlá. Àwọn kan ń gba owó oṣooṣù lórí ènìyàn, síbẹ̀ bí ẹni náà bá dé, wọn a sọ fún un pé oògùn káàdì ti tán, àfi kí ó fi owó rà á. Irú dókítà bẹ́ẹ̀ ti ba nǹkan jẹ́ fún àwọn olóòótọ́. Nítorí tirẹ̀ ni HMO fi ń fura sí gbogbo wọn. Ẹni tí ó bá ní òun jẹ́ Mùsùlùmí, tí ó sì kọ irọ́ kan ṣoṣo sínú fọ́ọ̀mù nítorí pé wọ́n jẹ òun ní gbèsè, kí ó rántí pé a kì í fi àbòsí gba ẹ̀tọ́. Ó gbọ́dọ̀ jẹ́ pé bí a bá yẹ ìwé rẹ̀ wò níwájú ọba ayé tàbí níwájú Ọba ọ̀run, ohun kan náà ni a óò rí.

Àwọn aláìsàn náà kò mọ́. Ẹni tí ó yá àbúrò rẹ̀ ní káàdì nítorí pé ojú wọn jọra ti jalè lọ́dọ̀ gbogbo ẹni tí ó dá owó sínú ètò náà. Òṣìṣẹ́ tí ó bí ọmọ, tí kò sì forúkọ rẹ̀ sílẹ̀ títí ọmọ fi dùbúlẹ̀ àìsàn, ń dá wàhálà sílẹ̀ fún nọ́ọ̀sì tí kò ṣẹ̀ ẹ́. Ẹni tí ó rí i pé a ti kọ oògùn tí òun kò gbà sórúkọ òun, tí ó fọwọ́ sí i láìwò ó, ti jẹ́rìí èké. Sūratul-Mā’idah bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú àṣẹ fún onígbàgbọ́ láti mú àdéhùn ṣẹ. Àdéhùn adójútòfò ní apá mẹ́rin: ìjọba, HMO, dókítà àti ẹni tí orúkọ rẹ̀ wà nínú ìwé. Bí ẹsẹ̀ kan nínú mẹ́rin bá jẹrà, tábìlì yóò ṣubú.

Ohun Tí Àwùjọ Lè Ṣe

Bí ilé ìwòsàn kékeré bá kú ní Arámọ̀kọ tàbí ní Ẹ̀fọ̀n, dókítà yóò rí ibòmíràn lọ. Ọ̀pọ̀ dókítà Nàìjíríà ni ó ti wà ní Gẹ̀ẹ́sì àti ní ilẹ̀ Saudi. Arúgbó tí ẹsẹ̀ rẹ̀ wú àti aboyún tí kò ní owó ọkọ̀ dé Adó ni kò ní ibi tí wọn yóò lọ. Nítorí tiwọn ni ọ̀rọ̀ náà fi kan ọ̀dọ́ Mùsùlùmí. Àwọn ohun wọ̀nyí kò ju agbára àwùjọ lọ.

Èkíní ni ìwé fúnra rẹ̀. Àwọn ọ̀dọ́ púpọ̀ wà ní ìjọ wa tí wọ́n mọ kọ̀ǹpútà lò. Ilé-ẹ̀kọ́ Ìmọ̀ Ìlera ti ìpínlẹ̀ Èkìtì wà ní Ìjèrò, àwọn ọmọ Mùsùlùmí sì ń kàwé níbẹ̀. Bí ẹ̀ka ìjọ kan bá yan ọ̀dọ́ méjì tí yóò máa fi wákàtí díẹ̀ lọ́sẹ̀ ran ilé ìwòsàn kékeré lọ́wọ́, wọn yóò lè to orúkọ àwọn tí ó wà nínú ìwé, wọn yóò lè kọ ọjọ́ tí a fi fọ́ọ̀mù kọ̀ọ̀kan ránṣẹ́ àti ọjọ́ tí èsì dé, wọn yóò sì lè ṣètò ẹ̀dà tí dókítà yóò fi bèèrè ẹ̀tọ́ rẹ̀. Kí wọ́n kọ́kọ́ ṣèlérí pé àṣírí aláìsàn kò ní ti ẹnu wọn jáde. Ẹni tí ó ní ìwé tí ọjọ́ wà lórí rẹ̀ ní ẹnu láti fi sọ̀rọ̀. Ẹni tí kò ní ín, ẹkún lásán ni yóò máa sun.

Èkejì ni ohùn. Dókítà kan tí ń kọ lẹ́tà sí HMO rọrùn láti gbàgbé. Bí àwọn dókítà ìwọ̀-oòrùn Èkìtì, Mùsùlùmí àti Kìrìsìtẹ́nì, bá kó àkọsílẹ̀ wọn jọ, tí àwọn olórí ìjọ àti àwọn àgbà ìlú sì bá wọn gbé e lọ sí ọ́fíìsì NHIA ní Adó àti sí ọ̀dọ̀ ètò ìlera ti ìpínlẹ̀, yóò ṣòro láti pa á tì. Ohun tí wọn yóò bèèrè kò pọ̀: kí àṣẹ wákàtí kan lórí kóòdù jẹ́ ohun tí a ń tẹ̀ lé, kí HMO tí ó bá fi owó falẹ̀ san owó ìtanràn, kí ohunkóhun tí a bá gé nínú owó ní àlàyé tí a kọ sílẹ̀, kí àṣìṣe lẹ́tà kan nínú orúkọ má sì di ìdí láti da iṣẹ́ tí ó tọ́ nù.

Ẹ̀kẹta ni àwọn aláìní. Púpọ̀ nínú àwọn àgbẹ̀ wa kò sí nínú ètò kankan. Ìjọ kan lè forúkọ opó àti arúgbó rẹ̀ sílẹ̀ nínú ètò ìpínlẹ̀, kí ó sì máa san owó wọn láti inú sàárà. Bí ó bá jẹ́ láti inú sàká ni, kí àwọn alfa yẹ̀ ẹ́ wò dáadáa, nítorí Sūratut-Tawbah ti dárúkọ àwọn mẹ́jọ tí ó ní ẹ̀tọ́ sí i, aláìní àti òtòṣì sì ni ó ṣáájú. Èyí yóò mú kí iye orúkọ tí ó wà lọ́dọ̀ ilé ìwòsàn kékeré pọ̀ sí i, ewu tí ó wà lórí dókítà yóò sì dínkù. Oore kan náà yóò wo ọgbẹ́ méjì.

Ẹ̀kẹrin ni wákàfù. Ní nǹkan bí 1284, Sultan Qalawun kọ́ ilé ìwòsàn ńlá kan sí Cairo ní ilẹ̀ Íjíbítì, ó sì fi ilé àti ṣọ́ọ̀bù púpọ̀ ṣe wákàfù fún un. Owó wọn ni a fi ń tọ́jú olówó àti tálákà, ọkùnrin àti obìnrin, láìgba owó lọ́wọ́ wọn. Kò sí ẹni tí ó ní kí Ìjèrò kọ́ irú ti Cairo. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó ní oko kòkó lè ya ìlà díẹ̀ sọ́tọ̀, ẹni tí ó ní ṣọ́ọ̀bù lè ya owó ilé rẹ̀ sọ́tọ̀. Owó bẹ́ẹ̀ lè di àpò tí ilé ìwòsàn yóò máa yá nínú rẹ̀ láìsí èlé nígbà tí owó HMO bá pẹ́, kí nọ́ọ̀sì má baà sùn pẹ̀lú ebi, kí oògùn má sì tán lórí pẹpẹ. Bí owó HMO bá dé, kí ó dá a padà. Èyí ni yóò gba dókítà lọ́wọ́ báńkì tí ń gba èlé.

Àwọn kan yóò sọ pé iṣẹ́ ìjọba ni gbogbo èyí. Òtítọ́ ni pé ojúṣe ìjọba ni, a kò sì gbọdọ̀ dẹ́kun láti rán an létí. Ṣùgbọ́n àìsàn kò ní dúró títí ìjọba yóò fi jí. Ọlọ́hun ní kí a ran ara wa lọ́wọ́ lórí iṣẹ́ rere àti ìpayà Rẹ̀, kí a má ṣe ran ara wa lọ́wọ́ lórí ẹ̀ṣẹ̀. Ẹni tí ó gbé aboyún kan la òru já ti ṣe iṣẹ́ rere; ẹni tí ó jẹ́ kí ilé ìwòsàn náà ṣì ṣí ilẹ̀kùn ní òru ọjọ́ kejì ní ìpín tirẹ̀ nínú rẹ̀.

Kí Ọlọ́hun fún àwọn tí ń tọ́jú aláìsàn ní okun àti òdodo. Kí Ó fi ìbẹ̀rù Rẹ̀ sínú ọkàn àwọn tí owó ẹlòmíràn wà lọ́wọ́ wọn. Kí Ó wo àwọn aláìsàn wa sàn, kí Ó sì jẹ́ kí àwùjọ Mùsùlùmí jẹ́ àwùjọ tí ń gbé ẹrù ara wọn. Àmín.